Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Olùkọ́: Ẹ̀rí Ni Kó Ṣáájú Máàkì

Tí fọ́ọ̀mù APER, ìyẹn ìwé àyẹ̀wò iṣẹ́ òṣìṣẹ́ lọ́dọọdún, bá dé orí tábìlì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ìrántí ló sábà máa ń fi kọ ọ́. Olùkọ́ 38 ló fẹ́ kọ̀wé nípa wọn, ọjọ́ tí wọ́n máa gba fọ́ọ̀mù padà ti kù sí dẹ̀dẹ̀, kò sì sí àkọsílẹ̀ kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Ni gbogbo wọn bá gba "ó dára púpọ̀", àfi ẹni méjì tó bá a fa ọ̀rọ̀ lọ́dún yẹn. Olùkọ́ tó ń fi gbogbo ara ṣiṣẹ́ kò rí nǹkan kan gbà fún un, èyí tí iṣẹ́ ń ni lára kò rí ẹni ràn án lọ́wọ́, orí àwọn ọmọ ni gbogbo rẹ̀ sì ń já sí.

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, igbákejì rẹ̀, olórí ẹ̀ka àti ẹni tó ni ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni la kọ èyí fún. Ìwé kan, bírò kan àti aago ọwọ́ ti tó. Àkókò ló ṣòro, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀. Fún olùkọ́ kan ní sáà kan: ìṣẹ́jú 10 fún ọ̀rọ̀ ṣáájú, ìṣẹ́jú 80 fún ìwọlé ẹ̀ẹ̀mejì sí kíláàsì, ìṣẹ́jú 40 fún ìfọ̀rọ̀wérọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ìṣẹ́jú 20 fún ìwé àwọn ọmọ, ìṣẹ́jú 15 fún ìbéèrè tí àwọn ọmọ máa dáhùn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 165. Tí olùkọ́ bá jẹ́ 38, ó tó wákàtí 104 àti ààbọ̀. Ẹnìkan ò lè dá a ṣe. Tí ẹni 5 bá pín in, kò ní tó wákàtí 2 lọ́sẹ̀ fún ẹnìkọ̀ọ̀kan nínú sáà ọlọ́sẹ̀ 12.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ pinnu ohun tí ẹ fẹ́ wò, kí ẹ sì sọ ọ́ fún wọn

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sáà, kí ẹnikẹ́ni tó wọ kíláàsì kankan, ẹ pe àwọn olùkọ́ jọ kí ẹ sọ ohun tí ẹ máa wò. Kó má ju nǹkan 5 lọ: ṣé olùkọ́ mọ ohun tó ń kọ́ wọn dáadáa? Ṣé ó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó yé àwọn ọmọ? Ṣé gbogbo ọmọ ló ń ṣiṣẹ́, àbí àwọn ìjókòó iwájú nìkan? Ṣé ó ń máàkì iṣẹ́ wọn, kó sì mú wọn tún un ṣe? Ṣé àwọn ọmọ mọ̀ ju bí wọ́n ṣe mọ̀ nígbà tí sáà bẹ̀rẹ̀?

Aṣọ, ohùn líle, bí olùkọ́ ṣe ń kí ọ̀gá, kò sí èyí tó yẹ kó wọ ibẹ̀. Wíwá sí iṣẹ́ lásìkò ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n ń fọwọ́ sí láàárọ̀ ti sọ ìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sọ́tọ̀, kó má bàa bo àìkọ́ni dáadáa mọ́lẹ̀. Olùkọ́ lè máa dé ní agogo 7 ààbọ̀ lójoojúmọ́, kí ọmọ má sì rí nǹkan gbé kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹ yẹ ìwé ẹ̀rí wò lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Láti ọdún 1993 ni òfin ti dá TRCN, ìgbìmọ̀ ìforúkọsílẹ̀ olùkọ́ ní Nàìjíríà, sílẹ̀ láti máa forúkọ olùkọ́ sílẹ̀, NCE, ìwé ẹ̀rí kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni, sì ni ìwé ẹ̀rí tó kéré jù tí ìjọba gbà fún iṣẹ́ olùkọ́. Ìwé ẹ̀rí ń sọ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ kíláàsì. Kò sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ fi ọ̀rọ̀ ṣàlàyé máàkì kọ̀ọ̀kan

Ẹ lo 1 sí 4. Tí ẹ bá lo 1 sí 5, 3 ni gbogbo ènìyàn máa sá sí, torí pé ẹni tó fún ènìyàn ní 3 kò bá ẹnikẹ́ni jà. Àmọ́ nọ́ḿbà lásán ò ní ìtumọ̀: 3 tiyín lè jẹ́ 2 tèmi. Àfi kí ẹ kọ bí nọ́ḿbà kọ̀ọ̀kan ṣe rí lójú. Ẹ jẹ́ ká fi yíyẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ̀kọ́ yé àwọn ọmọ ṣe àpẹẹrẹ:

1: Olùkọ́ béèrè pé "Ṣé ó yé yín?", gbogbo kíláàsì pariwo "Bẹ́ẹ̀ ni, sà!", ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.
2: Ó ń béèrè ìbéèrè gidi, ṣùgbọ́n àwọn tó nawọ́ nìkan ló ń pè, ọmọ mẹ́rin márùn-ún kan náà sì ni.
3: Ó ń pe ọmọ tí kò nawọ́, títí kan ti ẹ̀yìn, ó sì ń rìn káàkiri láti wo ohun tí wọ́n ń kọ.
4: Ó ń ṣe bíi ti 3, tó bá sì rí àṣìṣe, ó máa ń dúró, ó máa ń yí àlàyé rẹ̀ padà lójú ẹsẹ̀.

Ẹ kọ irú èyí fún nǹkan mẹ́rin yòókù náà. Lẹ́yìn náà, kí gbogbo àwọn tó máa ṣe àyẹ̀wò jókòó sínú kíláàsì kan náà, kí kálukú kọ máàkì tirẹ̀ láìwo ti ẹlòmíràn. Bí ẹnìkan bá kọ 1 tí ẹlòmíràn sì kọ 3, ẹ bi ara yín pé kí ni ojú yín rí, kí ẹ tún ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ nọ́ḿbà náà kọ. Iṣẹ́ ọjọ́ kan péré ni, òun ló sì máa ń gba ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ẹjọ́ nígbà tí ìgbéga bá dé.

Ìgbésẹ̀ 3: Lẹ́sìn nóòtì

Kí ẹ tó wọlé, ẹ gba lẹ́sìn nóòtì, ìwé tí olùkọ́ fi ṣètò ẹ̀kọ́ rẹ̀, kí ẹ bá olùkọ́ sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Ibi tó yẹ kí ojú yín kọ́kọ́ lọ ni ohun tó ní àwọn ọmọ máa lè ṣe tí ẹ̀kọ́ bá parí. "Akẹ́kọ̀ọ́ yóò mọ̀ nípa ìdá" kò ṣeé wò lójú. "Akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè ro 1/3 pọ̀ mọ́ 1/4" ṣeé wò, torí ẹ lè ka iye ọmọ tó ṣe é. Ẹ fi síkíìmù, ètò ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wé e, kí ẹ mọ̀ bóyá ọ̀sẹ̀ tó yẹ ló wà. Ẹ ṣọ́ra fún nóòtì ọdún tó kọjá tí wọ́n kàn fi bírò tún ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ kọ. Iye ọmọ tó wà lókè ìwé ló sábà máa ń tú u fó: ó kọ 32, ọmọ 46 ló sì wà ní kíláàsì.

Àwọn olùyẹ̀wò kan fẹ́ràn lẹ́sìn nóòtì tó mọ́ rekete débi pé wọ́n á fi í gbé máàkì kíláàsì sókè. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ tí ìwé rẹ̀ rí jágajàga lè kọ́ ọmọ kó yé e yékéyéké.

Ìgbésẹ̀ 4: Ìjókòó nínú kíláàsì

Ẹ dé kí agogo tó lù. Ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ lápá ẹ̀yìn, níbi tí ẹ ti lè rí ìwé àwọn ọmọ àti ojú wọn. Ẹ pa fóònù. Ẹ má dá sí ẹ̀kọ́, ẹ má sì tún ọ̀rọ̀ olùkọ́ ṣe níwájú àwọn ọmọ, bí àṣìṣe náà tilẹ̀ ń dun ojú. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ máa sọ ọ́ fún un lẹ́yìn, kó lè fi ẹnu ara rẹ̀ tún un ṣe fún wọn lọ́jọ́ kejì.

Lápá òsì ìwé, ẹ máa kọ àkókò. Lápá ọ̀tún, ẹ kọ ohun tí ẹ rí àti ohun tí ẹ gbọ́, kì í ṣe ohun tí ẹ rò. "Kíláàsì dùn" jẹ́ èrò. "Ọmọ 11 nínú 46 ló dáhùn ìbéèrè" jẹ́ ẹ̀rí. Báyìí ni àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ ìṣirò kan ní JSS 1 ṣe lè rí, ìṣẹ́jú 40, ọmọ 46:

8:40 – Agogo lù.
8:47 – Olùkọ́ bẹ̀rẹ̀. Ó ti ń pe orúkọ láti ìgbà yẹn.
8:52 – Ó kọ 1/3 + 1/4 sí pátákó. "Kí ni LCM 3 àti 4?" Kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan tí ọmọbìnrin kan níwájú fi dáhùn: "12."
8:56 – "Ṣé ó yé yín?" "Bẹ́ẹ̀ ni, sà!"
8:58 – Ó ní kí wọ́n ṣe 2/5 + 1/3. Ó jókòó sídìí tábìlì rẹ̀. Ọmọ 14 ló wà ní ìlà méjì ẹ̀yìn. 9 nínú wọn kọ 3/8.
9:10 – Ọmọkùnrin kan ṣe é lójú pátákó, ó rí 11/15. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.
9:18 – Iṣẹ́ àmúrelé.
9:20 – Agogo lù.

Ẹni tó bá jókòó síwájú máa lọ kọ ọ́ pé ẹ̀kọ́ náà yọrí sí rere: wọ́n dáhùn, wọ́n pàtẹ́wọ́, ìdáhùn orí pátákó sì tọ̀nà. Àmọ́ ọmọ 9 ló fi nọ́ḿbà òkè ro òkè, tí wọ́n fi ti ìsàlẹ̀ ro ìsàlẹ̀, wọ́n sì ń gbé àṣìṣe yẹn lọ sílé láti fi ṣe iṣẹ́ àmúrelé. Olùkọ́ kò mọ̀, torí kò dìde lórí àga. Máàkì rẹ̀ lórí yíyẹ̀ ẹ́ wò jẹ́ 2, ìdí rẹ̀ sì wà ní 8:52, 8:56 àti 8:58. Kò sí ẹni tó lè ní inú burúkú ni ẹ fi fún un.

Nǹkan méjì míì wà tó rọrùn láti kà. Ẹ ya àwòrán ìjókòó sẹ́yìn ìwé yín, kí ẹ fa ìlà kékeré kan sórí ìjókòó ọmọ tí olùkọ́ bá pè. Tí agogo bá fi máa lù, ẹ máa rí apá ibi tí kò dé rí. Èkejì ni ìdúró lẹ́yìn ìbéèrè. Láàrin àwọn ọdún 1970, Mary Budd Rowe, onímọ̀ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà, ṣe àkíyèsí pé olùkọ́ kì í sábà dúró ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ kó tó pe ẹlòmíràn tàbí kó dáhùn ìbéèrè ara rẹ̀. Tí wọ́n bá dúró fún 3, ìdáhùn àwọn ọmọ máa ń gùn sí i, ọmọ púpọ̀ sí i sì máa ń dáhùn. Ẹ máa ka "ọ̀kan, méjì, mẹ́ta" nínú, kí ẹ kọ iye tó bọ́ sí.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé máàkì olùkọ́ torí pé ó fi Yorùbá ṣàlàyé nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì kò wọlé. Iṣẹ́ tí Aliu Babatunde Fafunwa àti ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, fi hàn pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ohun tó yẹ kí ẹ wò ni bóyá ó yé ọmọ lẹ́yìn àlàyé náà.

Ẹ wọlé ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì ní sáà: lẹ́ẹ̀kan kí olùkọ́ mọ̀ ṣáájú, lẹ́ẹ̀kan kó má mọ̀. Kó jẹ́ kíláàsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kó sì jẹ́ ẹni ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló máa wọlé. MET, ìwádìí lórí bí a ṣe lè mọ olùkọ́ tó dáńtọ́, tí àjọ Gates náwó lé lórí ní Amẹ́ríkà láti 2009 rí i pé fífi ojú ẹni kejì kún un ń jẹ́ kí máàkì ṣeé gbára lé ju kí ẹnìkan náà padà lọ wo ẹ̀kọ́ míì lọ. Ojú kan ní ibi tó fẹ́ràn láti máa wò.

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ṣe ìgbáradì rẹ̀ fún àlejò ní àmì: àwọn ọmọ á ti dáhùn kí ìbéèrè tó parí, ẹ̀kọ́ náà sì ti wà nínú ìwé wọn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ ṣí ìwé ọmọ tó jókòó tì yín. Tí ẹ bá rí i, ẹ má ṣe ìtìjú fún olùkọ́; ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn.

Ìgbésẹ̀ 5: Ìwé àwọn ọmọ

Ẹ má sọ pé kí olùkọ́ mú ìwé wá, torí ti àwọn tó mọ̀wé jù ló máa mú wá. Ẹ fúnra yín mú nọ́ḿbà látinú rẹ́jísítà, bíi 5, 17 àti 31, kí ẹ gba ìwé àwọn mẹ́ta yẹn. Ẹ wo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn. Iṣẹ́ mélòó ni wọ́n ṣe? Mélòó ni olùkọ́ máàkì, ọjọ́ mélòó lẹ́yìn tí wọ́n ṣe é? Ṣé ọmọ tún èyí tó kùnà ṣe?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti sábà ń bàjẹ́ ni pé wọ́n á fa ìlà "ó tọ̀nà" gbọọrọ kan láti òkè dé ìsàlẹ̀ ojú ìwé. Tí ẹ bá rí i pé ó gba orí 3/8 kọjá, olùkọ́ kò máàkì iṣẹ́ náà ní tòótọ́. Ó burú ju kéèyàn má máàkì rárá lọ, nítorí pé ọmọ á gbà pé òótọ́ ni.

Ìgbésẹ̀ 6: Ṣé àwọn ọmọ tẹ̀síwájú?

Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ máa ń gbé èsì WAEC sílẹ̀, wọ́n á ní ẹni tí ọmọ rẹ̀ yege jù ló mọ iṣẹ́ jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ ọdún mẹ́fà ló wà nínú èsì SS 3, owó lẹ́sìn tí òbí san wà níbẹ̀, bí ìdánwò bá sì ní màgòmágó nínú, kò sọ nǹkan kan nípa olùkọ́ mọ́.

Èyí tó dára ni pé kí olórí ẹ̀ka ṣe ìdánwò kékeré oníbéèrè 20 ní ọ̀sẹ̀ kìíní, kó ṣe irú rẹ̀ míì lórí kókó kan náà ní ọ̀sẹ̀ 11. Kí olùkọ́ kíláàsì náà má ṣe é, kó má sì máàkì rẹ̀. Ká ní ìpíndọ́gba kíláàsì A jẹ́ 14 ní ìbẹ̀rẹ̀, ó di 16. Ti B jẹ́ 6, ó di 11. Ẹni tó bá wo ìparí nìkan máa gbóríyìn fún olùkọ́ A. Àwọn ọmọ B ló rìn jìnnà jù, 5 sí 2.

Ẹ má kánjú o. Ọmọ tó ti gba 19 nínú 20 níbẹ̀rẹ̀ kò níbi tó máa gùn lọ. Tí ọ̀pọ̀ ọmọ bá ti gba 18 sókè nígbà àkọ́kọ́, ìbéèrè yín ti rọrùn jù. Ọmọ tó ṣe ìdánwò méjèèjì nìkan ni kí ẹ kà. Tí wọn ò bá tó 20, ẹ má lo nọ́ḿbà náà, torí ọmọ méjì tí ara wọn ò yá lè dà á rú. Kí ẹ sì ka iye tí kò wá lọ́jọ́ kejì. Bí àwọn tó gba máàkì tó kéré jù bá kó ara wọn pa mọ́ sílé pọ̀ lọ́jọ́ náà, ó yẹ kí ẹ béèrè ẹni tó ní kí wọ́n má wá.

Ìdí tí a fi ń kìlọ̀ ni pé ibi tí wọ́n ti gbé gbogbo ẹrù lé orí nọ́ḿbà yìí, ó ti já. Ní Atlanta, ní Amẹ́ríkà, ìwádìí ìjọba ní 2011 sọ pé àwọn olùkọ́ àti ọ̀gá 178 ní ilé-ẹ̀kọ́ 44 lọ́wọ́ nínú màgòmágó lórí ìdánwò ọdún 2009. Àwọn kan tilẹ̀ fọwọ́ ara wọn tún ìdáhùn àwọn ọmọ kọ. Ní New York, olùkọ́ kan gba 14 nínú 20 lórí ìtẹ̀síwájú àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́dún kan, ó gba 1 nínú 20 lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kíláàsì kan náà ló sì ń kọ́. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù, adájọ́ sì wọ́gi lé máàkì náà ní 2016.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹnu àwọn ọmọ

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ bi àwọn ọmọ náà, ṣùgbọ́n ẹ má bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ràn olùkọ́. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀: "Ní ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, ẹ̀ẹ̀melòó ni olùkọ́ yìí dá ìwé iṣẹ́ rẹ padà?" "Tí nǹkan kò bá yé ọ, ṣé o lè béèrè láìsí pé wọ́n bú ọ?" Ìbéèrè 10 ti tó. Kí wọ́n má kọ orúkọ, kí olùkọ́ náà jáde, kí ẹlòmíràn kó ìwé jọ. Fún àwọn kékeré, ẹ kà á sí wọn létí ní èdè tí wọ́n gbọ́.

Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àti yunifásítì, ẹ ṣe é kí èsì ìdánwò tó jáde, torí máàkì tí ọmọ gbà máa ń wọ inú ohun tó máa kọ. Tí ẹni 9 bá dáhùn nínú 120, ẹ má fi ìyẹn dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.

Ìgbésẹ̀ 8: Ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ẹ̀kọ́

Kó má ju ọjọ́ méjì lọ. Ibi tí ẹ̀yin méjèèjì nìkan wà ni kó ti jẹ́, kí ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara yín, kí àkọsílẹ̀ wà láàrin yín. Tí olórí ẹ̀ka bá kéré sí olùkọ́ lọ́jọ́ orí, kó má rán ọmọ kíláàsì lọ pè é. Kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bá a, kó kí i bó ṣe yẹ. Ohun tí ẹ fẹ́ kó gbà ṣòro tó. Ẹ má fi àrífín kún un.

Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ sọ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹ̀rí hàn án, kí ẹ béèrè:

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ̀yin náà ẹ wo 8:58 yìí. Àwọn ọmọ 9 yìí kọ 3/8. Báwo lẹ ṣe rò pé wọ́n rí i?"

"Háà. Wọ́n kàn ro òkè mọ́ òkè ni. Mi ò mọ̀ rárá."

"Kí lẹ rò pé ó lè jẹ́ kí ẹ tètè mọ̀ lọ́jọ́ mìíràn?"

Ìdáhùn á jáde lẹ́nu rẹ̀: kó máa rìn káàkiri. Ẹ jọ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́nà tó ṣeé kà: "Tí wọ́n bá ń ṣe iṣẹ́ kíláàsì, màá dé ọ̀dọ̀ ọmọ 10 ó kéré tán, 5 nínú wọn á jẹ́ ti ẹ̀yìn." Ohun kan péré ni kí ẹ mú. Ẹni tí ẹ bá ka àléébù 11 fún kò ní ṣiṣẹ́ lórí ọ̀kan. Ẹ fi ọjọ́ tí ẹ máa padà wá sí i, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i. Ẹ fi àyè sílẹ̀ kí olùkọ́ kọ èsì tirẹ̀, pàápàá níbi tí kò bá ti gbà pẹ̀lú yín.

Kí ẹ sì padà wá ní tòótọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ibí yìí ni àyẹ̀wò ti ń kú ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́. Tí ẹ ò bá padà, olùkọ́ máa mọ̀ pé ìwé lásán lẹ wá kọ.

Ìgbésẹ̀ 9: Ìparí ọdún

Ìjókòó kíláàsì lè gba 50 nínú 100, ìwé àwọn ọmọ 20, ìtẹ̀síwájú wọn 20, ìdáhùn wọn 10. Ẹ lè yí i padà, ṣùgbọ́n ẹ yí i ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kó má jẹ́ lẹ́yìn tí ẹ ti rí orúkọ. Kí ẹ̀rí mẹ́ta tó ní ọjọ́ àti àkókò wà lábẹ́ máàkì kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ̀rí kò bá tó, ẹ má fi èrò dí i. Ẹ padà lọ wo kíláàsì sí i.

Ẹ kọ ipò tí olùkọ́ ti ṣiṣẹ́ sókè ìwé: ọmọ 75 nínú kíláàsì, ìwé kíkà 12 fún gbogbo wọn, òrùlé tó ń jò. Máàkì kò ní tìtorí ìyẹn yí padà, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ máa ṣe nípa rẹ̀ máa yí. Olùkọ́ tí kò ráyè máàkì ìwé 75 nílò kí ẹ pín kíláàsì náà sí méjì. Kúẹ̀rì kò lè máàkì ìwé fún un.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ to orúkọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ṣé àwọn tó ń bá yín jókòó lẹ́yìn iṣẹ́ ló kún òkè? Ṣé ìwọlé ọ̀sẹ̀ tó kọjá nìkan lẹ rántí, tí ti sáà àkọ́kọ́ sì ti fò yín ru? Ẹ fún igbákejì yín ní fáìlì mẹ́ta láìsí máàkì nínú, kó fi ẹ̀rí nìkan fún wọn ní tirẹ̀. Tí tiyín àti tirẹ̀ bá jìnnà síra, ẹ padà sínú àkọsílẹ̀.

Ẹni tí máàkì rẹ̀ wà nílẹ̀, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8: kó lọ jókòó sí kíláàsì olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe lẹ́ẹ̀mejì, kí olórí ẹ̀ka sì wá wò ó ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Bí kò bá sí àyípadà lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ìgbà yẹn ni kí ẹ tó kọ̀wé sí àwọn tó wà lókè, kí ẹ sì so gbogbo àkọsílẹ̀ mọ́ ọn, títí kan èyí tó sọ ohun tí ẹ ṣe láti ràn án lọ́wọ́.

Fọ́ọ̀mù APER kò ní gbà yín ju ìṣẹ́jú 15 lọ fún olùkọ́ kan mọ́, torí inú fáìlì lẹ ti máa mú ohun gbogbo. Ẹ ṣe ẹ̀dà kan fún olùkọ́ náà. Tí ó bá lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn, kó mú un dání, kí ọ̀gá tó ń lọ bá má bàa tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé funfun.